Róbọ́ọ̀tì Olójú Mẹ́ta

Olùkọ́ fásitì tó ń kó róbọ́ọ̀tì ìṣeré jọ ń tú òkìtì ohun ìṣeré òkìríkà tí Ìyá Leah ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ọwọ́ rẹ̀ bá ba ọ̀kan tó lójú mẹ́ta. Díẹ̀ ló kù kó pariwo. Ojú méjì ni gbogbo róbọ́ọ̀tì irú rẹ̀ ní. Àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ni mẹ́ta yìí, ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti ń wá a kiri.

"Èló lèyí?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì, sà."

Ó fajú ro. "Pẹ̀lú ojú mẹ́ta tí wọ́n kùn sí i yìí? Àbùkù nìyẹn o, Ìyá Leah. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan."

Ìyá Leah wò ó, ojú tì í. Kí olùkọ́ tó lanu, ó ti fi èékánná ha ojú kẹta dànù.

"Àbùkù ti tán, sà. Ẹgbẹ̀rún méjì."