Ẹ̀rí Àga

"Ta ló ń wo eré tuntun dópin bí èmi Láoyè kó tó júwe ẹ̀ fún ará ìlú?" Láoyè fọwọ́ sọ àyà lórí ìtàgé. "Ẹ wá wo eré Ìbídùn yìí! Ìran ìkẹyìn pa mí lẹ́kún!"

Òfin ní kí àga tó fi wòran jẹ́rìí. Bí àga bá sẹ́, eré kúrò lórí ìtàgé nìyẹn. Àga wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìran kejì lẹ ti ń hanrun."

Ìtìjú bo Láoyè. Kò lè wojú Ìbídùn, ọmọ tó kọ eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ fún un yìí. Àwọn akẹgbẹ́ Láoyè tí wọ́n jọ wòran bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbàyà! Àlá lò ń júwe!"

"Gbogbo yín lẹ sùn," ni àga wí. "Ìbídùn ló kọ́kọ́ sùn."