Ohun tí Abena Kò Rántí Kọ́ Ọ

“Maame, ẹ tún un sọ!” Abena, ọmọ Gánà, di ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀, obìnrin aláṣọ kan, mú.

“I get up. I get cloth. I get married.” Aláṣọ náà tún un sọ.

Ìjọba Gánà ti ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò nílùú, ọlọ́pàá sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní àdúgbò Adabraka níbí, nílùú Àkrà. Aláṣọ náà kò níwèé; bó bá sọ Twi, èdè ibẹ̀, ahọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ yóò tú àṣírí rẹ̀ pé Ànàgó ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí. Abena ló ní kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi “get” kọ́ ọ, nítorí òun kan náà ni wọ́n fi ń jí, tí wọ́n fi ń rajà, tí wọ́n fi ń ṣàìsàn, tí wọ́n fi ń délé.

Ọlọ́pàá wọlé, ó béèrè bí ọjà ṣe ń lọ.

“It is getting better, sir.”

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?

“He got sick. He is getting well.”

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kó máa lọ.

“Thank you, sir!” Kó tó mọ̀, eékún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Abena bojú. Ọwọ́ ọlọ́pàá ṣì wà lókè.

“Ànàgó,” ni ọlọ́pàá wí.