Láptọ́ọ̀pù Ilé Ìwòsàn Tí Àjíǹde Gbà Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìtàn yìí dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á tán pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí iṣẹ́ tí ẹ ò lè ṣe.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àjíǹde ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù bá ti ní kí wọ́n lọ jù nù, tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ó máa ń dìde. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé á nu ètò àtijọ́ inú rẹ̀ kúrò, á wá fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ Linux sí i. Linux fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó lé ní ogójì. Ó mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ìgbéraga ẹ̀ ló pọ̀.

2.
Lọ́jọ́ kan, Mátírọ̀nù tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré kan gbé láptọ́ọ̀pù wá bá a. Láptọ́ọ̀pù náà ti lo ọdún mẹ́jọ. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti pa á tì. Tí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, wọ́n á ti nu gbogbo ilẹ̀ ilé ìwòsàn tán kó tó ṣí. Inú rẹ̀ sì ni orúkọ gbogbo aláìsàn wà, àìsàn tó ń ṣe wọ́n, àti oògùn tí kò bá wọn lára mu.

"Àjíǹde, kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ síbòmíràn o. Mi ò ní òmíràn."

"Mátírọ̀nù, ṣé èmi lẹ fẹ́ máa kọ́ níṣẹ́ ni?"

"Mi ò kọ́ ẹ níṣẹ́. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba láptọ́ọ̀pù.

3.
Ọpọlọ láptọ́ọ̀pù yìí kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ogójì tó ti ṣe. ARM ni wọ́n ń pè é, irú tó máa ń wà nínú fóònù. Linux tó bá ọ̀kan mu nínú wọn lè má bá èkejì mu rárá. Ojú ewé tí Àjíǹde ti rí Linux náà gbà kọ ọ́ gàdàgbà: ẹ wo nọ́ńbà ìdí láptọ́ọ̀pù yín, tí kò bá sí lára àwọn tí a kọ síbí, ẹ má dán an wò. Àjíǹde fi ìka ta ojú ewé náà kọjá. Oníbàárà mẹ́ta jókòó tí wọ́n ń wò ó, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń kàwé kóun tó ṣiṣẹ́.

Ó ki fíláàṣì tí Linux náà wà nínú ẹ̀ bọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù bi í pé ṣé kó nu gbogbo ohun tó wà nínú òun. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò kó nǹkan kan síbòmíràn, ó ní ìyẹn á gba gbogbo ọ̀sán.

Nígbà tó parí, ó pa á, ó tún tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó yọ bátìrì, ó dá a padà. Ó ki fíláàṣì mìíràn bọ̀ ọ́. Dúdú. Òógùn bo ọrùn ẹ̀.

4.
Mátírọ̀nù pè lọ́jọ́ kejì. "Ó kù díẹ̀, mà." Ó pè lọ́jọ́ kẹta. "Ó kù bín-ín-tín, mà."

Ìyàwó Àjíǹde, tó mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù náà ti bàjẹ́, gbọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ bá ìyá yẹn, kẹ́ ẹ sọ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbọ́."

"Kí gbogbo àdúgbò wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

5.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé obìnrin aránṣọ kan dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gún un níka láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò kà á sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú dé ìgbọ̀nwọ́, ibà sì ti mú un débi tó fi ń sọ ìsọkúsọ. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, wà lọ́nà jíjìn, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mátírọ̀nù pe Àjíǹde.

"Ṣé láptọ́ọ̀pù ti ṣí?"

"Ó ti ṣí, mà."

"Ọpẹ́ o! Bá mi wo orúkọ aránṣọ tó wà ní kọ́nà. Ṣé oògùn kan wà tí kò bá a lára mu?"

Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì níwájú Àjíǹde, ó kú fin-ín fin-ín. Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ: ẹ dárí jì mí, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, èèyàn mélòó ni oògùn kì í bá lára mu? Ó ń tẹ bọ́tìnì láptọ́ọ̀pù tó ti kú náà bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Mo ti rí i, mà. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

"O wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó dáadáa."

Wọ́n fún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ọ̀fun rẹ̀ dí. Wọ́n sáré sókè sódò, wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì.

6.
Ọkọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. "Mátírọ̀nù, ṣebí ojú mi báyìí lẹ ṣe kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn, pé abẹ́rẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ pa á?"

Mátírọ̀nù mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àjíǹde. Ó ní kó tan láptọ́ọ̀pù kí òun fojú ara òun rí i. Àjíǹde dorí kodò.

"Kò ṣí rí, mà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ti lọ."

"Kí lo wá kà fún mi lórí fóònù?"



Ọkọ náà wò ó títí. "Ká ní o sọ pé o ò mọ̀," ó ní, "wọn ì bá wá oògùn mìíràn."

Àjíǹde wà lẹ́wọ̀n báyìí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Mátírọ̀nù náà, torí kò ní àkọsílẹ̀ kankan níbòmíràn. Kò bá wọn jiyàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Linux kọ́ ló pa obìnrin yìí. Ẹ ka ìkìlọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun olóhun. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó nù ún. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bàjẹ́ gan-an. Ojú á tì yín, wọ́n á bú yín, ó parí. Èébú yẹn ni Àjíǹde sá fún. Ọmọ mẹ́ta ni obìnrin aránṣọ náà fi sílẹ̀, èyí tó kéré jù ṣì ń béèrè ìgbà tí ìyá òun máa dé.