Aṣọ Pupa Tí Kò Dé Orí Òkè

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba iṣẹ́ tí ẹ kò ní jẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Ọmọ Ìdànrè ni Akínlóyè. Ní ọdún 1986, ó wà ní yunifásítì ní Manchester, ó ń kọ ìwé oyè dókítà lórí àwọn òkè mímọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kọ́ tẹ́ḿpìlì sí ní ilẹ̀ Íńdíà. Yàrá kan ló gbà nílé opó àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará Íńdíà. Kántábẹ̀n ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá ni Akínlóyè ń pè é.

Ní ọ̀sán Sunday, bí òjò bá ń na fèrèsé, Màmá á po tíì alátalẹ̀, á sì máa sọ ìtàn òkè ìlú rẹ̀. Ó ní òrìṣà obìnrin kan ló ń gbé orí òkè náà. Ọba kan fẹ́ rí i lójúkojú, ló bá ní kí àwọn ẹrú gbé òun gùn ún lórí àga. Nígbà tó débẹ̀, òkúta lásán ló rí. Darandaran kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun ni òrìṣà náà yọ sí, tó sì fún lómi mu. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì sí, wọ́n sì gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta dé ibẹ̀.

Akínlóyè ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

2.
Nígbà tó yá, iléèwé fún un lówó ọkọ̀ kó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nídìí òkè náà. Màmá gbọ́, ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ pupa kan jáde tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí rẹ̀.

"Akin, nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá lo ọdún kan péré sí i, òun á gbé aṣọ yìí lọ fún Ìyá orí òkè. Ọdún mẹ́ta ló lò. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ní Trafford Park níbí ò jẹ́ kó lọ títí tó fi kú. Orúnkún tèmi náà ti kọṣẹ́. Bá mi gbé e lọ."

Akínlóyè dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Kí ni àtẹ̀gùn fẹ́ fi mí ṣe?"

3.
Ẹ̀yin ará, Akínlóyè kò lọ. Ó fi owó ọkọ̀ ra mọ́tò àlòkù tó fẹ́ gbé lọ sílé. Ó ní, "Màmá ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò?" Ló bá lọ sá pamọ́ sọ́dọ̀ Rasheed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Stockport, ìlú kan nítòsí.

"Akin, aṣọ ìyá yẹn ńkọ́?"

"Jẹ́ kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ó padà délé. Kó tó kan ilẹ̀kùn ni Màmá ti ṣí i.

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, Màmá."

"Ẹsẹ̀ lo fi gùn ún?"

"Ẹsẹ̀ lásán. N ò wọ bàtà."

Ìyá arúgbó yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Akínlóyè méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìbùkún wà lára ẹsẹ̀ tó bá ti orí òkè bọ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti Akínlóyè, ó ń wo ògiri. Ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́.

4.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun gun òkè náà, pé òun gbọ́ agogo lókè, pé àlùfáà bu omi fún òun. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún iléèwé.

Màmá ní tirẹ̀ ti fi ayọ̀ kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ nílé pé aṣọ ti débẹ̀. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, Màmá jẹ́ kí Akínlóyè jẹun tán.

"Àbúrò mi ní àpáta ya lulẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ní July ọdún tó kọjá. August lo lọ. Ó ní láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò tíì gun òkè wa." Kò pariwo. "Akin, aṣọ ọkọ mi dà?"

Akínlóyè kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Màmá kó àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ kí wọ́n tó bi ọ́. Wọ́n lè ṣàánú ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Akínlóyè rò ó. Nílé, Dókítà ni wọ́n ti ń pè é. Ìtìjú kò jẹ́ kó lọ. Ó kúkú sáré lọ sí Stockport láti mú aṣọ náà wá, ṣùgbọ́n Rasheed ti kó kúrò nílé tó ń gbé tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, o ò bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo dà á nù pẹ̀lú àwọn àkísà."

5.
Ọjọ́ tí wọ́n máa dán an wò lórí ìwé rẹ̀ pé. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó wá dán an wò kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n dìde.

"Oṣù wo lo gun òkè náà?"

"August, sà."

"Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Ọ̀nà àtẹ̀gùn, sà."

Ọkùnrin náà pa ìwé dé. "Ní August yẹn, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wà nísàlẹ̀ òkè náà. Àpáta ti dí ọ̀nà. Ẹyẹ nìkan ló ń lọ sókè."

Wọn kò fún un ní oyè, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé iléèwé. Mọ́tò tó rà náà ló tà kó tó rí owó wọkọ̀ padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Màmá di oúnjẹ fún un.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Èmi ti dárí jì ọ́, Akin. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, tòun ti ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ṣì wà nísàlẹ̀ òkè."

Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lọ, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rán yín. Ohun tí ẹ pè ní aṣọ lásán lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òkú. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àánú ṣì wà nítòsí. Irọ́ ìbá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ fún wa: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.