Kíìkì Tó Wà Lórí Ìṣó

Kíìkì, irin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta, ni ọkọ mi, Ògúnsakin, fi ń ṣíná sí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó kòkó láti oko. Irin náà le ju ẹsẹ̀ tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì tí a ṣe ogójì ọjọ́ ikú wọn, mo mú Sùbérù mẹkáníìkì lọ sí ahéré tí ọ̀kadà náà wà pé kó bá mi fi sítátà oníbọ́tìnnì sí i. Kòkó ń bu lóko, ẹkún ò sì lè kó o wálé.

Sùbérù tú kíìkì náà, ó fi í kọ́ ìṣó lára ògiri.

"Ìyá Rótìmí, ẹ ò nílò èyí mọ́."

"Ó dáa."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó so wáyà tó kẹ́yìn. Mo gun ọ̀kadà, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò dún. Mo tún un tẹ̀.

Gbì. Ọ̀dọ̀ ògiri ló ti dún.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

Gbì.

Kí ọkọ mi tó ta á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń kọ́kọ́ wúkọ́. Mo dúró de ikọ́ náà. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ.

Sùbérù tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Kíìkì tó wà lórí ìṣó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀. Sùbérù ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó sá wọ inú igbó.

Ẹ́ńjìnnì dún. Mo sún sẹ́yìn, síbi tí mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn ọkọ mi. Nígbà tí ìjókòó tẹ̀ níwájú mi, mo ní:

"Bàbá Rótìmí, ẹ rọra wà á. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́."