Orúkọ Ọ̀gá Ló Wà Lókè

Inú ọ̀gá ń dùn ṣìnkìn.

Kọ̀ǹpútà, ọkùnrin tó ń kọ ètò sórí ẹ̀rọ fún un, ti parí iṣẹ́.

"Ẹ kàn kọ iṣẹ́ sínú fáìlì yìí, sà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó kàn sí i. Ẹ̀rọ á kà á, á sì ṣe é fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ 'kí', á kí onítọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá kọ 'lé', á lé e níṣẹ́."

"Nínú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, tèmi ni kó wà lókè pátápátá o!"

"Ó ti wà níbẹ̀, sà."

Bí Kọ̀ǹpútà ṣe yíjú báyìí, ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Iṣẹ́ ṣáà ti parí. Owó oṣù wo ló tún fẹ́ máa gbà?

Ó kọ "lé". Ó ronú díẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ó jáde lọ tọ̀. Nígbà tó padà dé, káàdì tó fi ń wọlé ò ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́.

Ó fi ìbínú pe Kọ̀ǹpútà lórí fóònù.

"Ẹ̀rọ ẹ ti ya wèrè! Èmi gan-an ló lé!"

"Ẹ ò kọ orúkọ sí i ni, sà. Tí kò bá ti rí orúkọ, ẹni tó wà lókè ló máa ń mú."

"Tún un ṣe kíá!"

"Ó dáa, sà. Orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀?"



Àtọjọ́ tí ọ̀gá ti gbà á síṣẹ́ ló ti ń pè é ní Kọ̀ǹpútà. Kò béèrè orúkọ ẹ̀ rí.