Ìjókòó Kan Tó Kù

Abigail ti kọ́kọ́ tò sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Wọ́n ní àwọn kọ́ ló ni ọkọ̀ òfuurufú náà, kó lọ gba ìjókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Orúnkún rẹ̀ ti wú kó tó débẹ̀.

"Ẹyọ kan ló kù níwájú tí ẹ ti lè na ẹsẹ̀ yín, mà," ni ọmọbìnrin tó ń pín ìjókòó wí.

Kó tó fún un, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abigail bú sẹ́kún.

"Ẹ ṣàánú mi! Ìyàwó mi ló kú sí London. Mò ń lọ sin ín ni!"

Omijé ń dà lójú rẹ̀ bíi ti Jeremáyà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá," ni gbogbo èrò ń wí. Ìyá Aládùúrà kan gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ń gbàdúrà.

"Ẹgbẹ́dá la jọ ń gbé," ni ọkùnrin náà ń ké. "Obìnrin àtàtà ni!"

Abigail kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tutọ́ sínú áńkáṣífù.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìjókòó yẹn fún un," ni ọmọbìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe rí."

Ọkùnrin náà ṣẹ́jú sí Abigail.

Ọmọbìnrin náà wo tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. "Olúsànyà. Olúsànyà. Ṣé ẹbí ni yín ni, mà?"

"Èmi ni ìyàwó tó kú náà," ni Abigail fèsì. "Ẹsẹ̀ ń dun òkú, jàre. Ẹ fún mi ní ìjókòó mi."